Earpiece tó ń gbọ́ràn ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń ṣoríkunkun nílé

Ìyá tí mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti gbà fún mi, kìkì pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ òun. Ó ní bí àwọn ẹlẹgbẹ́ àdúrà òun bá kà á, wọ́n á kúkú mọ̀ pé òun ni, ìyẹn sì ti tó òun. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Kubwa ló ń gbé, àárín ìlú Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Èmi ń tún fóònù ṣe ní Wuse. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ Kàbbà, tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ ó rí ibi tí ọwọ́ yíyá yẹn ti kó bá wa.

Àwọn tó ń jókòó sídìí tábìlì àtúnṣe bíi tèmi ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju ìdajì wákàtí lọ gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, a sì ti jẹ́ kí wọ́n bá ọmọ tí kò ṣẹ̀ wí kí ojú wa tó là.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ wá. Ohun tó gbé dání ni earpiece aláìlókùn, irú èyí tó máa ń sùn sínú àpótí kékeré olómorí tó ń ṣájì í. Lọ́jà wa, "pod" ni gbogbo wọn ń jẹ́, ì báà jẹ́ Apple ló ṣe é, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Tirẹ̀ kò ní orúkọ kankan lára.

"Ẹ̀ńjíníà, bá mi wo nǹkan yìí. Láàárọ̀ tí mo bá fẹ́ wọ àdúrà, kì í mú fóònù mi mọ́. Ẹnìkan ti ní kí n jù ú nù kí n lọ ra òmíràn."

Àdúrà tó ń sọ ni ti àwọn obìnrin ìlú wọn, tí ẹlòmíràn wà ní Ìbàdàn, tí ẹlòmíràn wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí wọ́n máa ń pàdé lórí fóònù ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ rẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àkókò náà, ìdí nìyẹn tí earpiece fi di dandan.

Ọmọ iṣẹ́ mi fi òwú gbígbẹ nu ẹnu irin wẹ́wẹ́ tí iná ń gbà wọ inú earpiece náà, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìdọ̀tí etí kì í jẹ́ kí iná wọlé dáadáa. Ó wo bátìrì, bátìrì kún. Ó ṣí omorí. Ká tó pajú pẹ́, fóònù ìyá ti dún, ó ti mú. A fi orin sí i, etí ọ̀tún ń dún, etí òsì ń dún. A pè é, a gbọ́ ọ, ó gbọ́ wa.

"Ẹ ti rí i báyìí? Ó ń bẹ̀rù yín ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó fún wa lówó omi, ó lọ. A kò gba owó iṣẹ́, inú wa sì dùn sí ara wa gan-an.

Ẹ tún gbólóhùn tó sọ nígbà tó wọlé kà. "Láàárọ̀," ó ní. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́, kò tẹnu mọ́ ọn, àwa náà sì gbọ́ "kì í mú fóònù" nìkan. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí Nokia ṣì jẹ́ ọba, mo sì mọ̀ pé ohun tí oníbàárà sọ kẹ́yìn ni etí ẹni máa ń gbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà kò tíì lù tí ìpè rẹ̀ wọlé. "Ó tún ti ṣe é o." Mo ṣì wà lórí ibùsùn, mo sì fi oorun dá a lóhùn. Mo ní bóyá Wi-Fi ilé ni, bóyá ti àdúgbò. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Rédíò kékeré tí earpiece aláìlókùn fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ni Bluetooth, orí ìgbì 2.4 GHz ló ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Wi-Fi wà, ibẹ̀ náà ni máíkíróweefù ti ń gbóná oúnjẹ. Nítorí èrò pọ̀ níbẹ̀, Bluetooth tó ń gbé orin pín ààyè náà sí ọ̀nà 79, ó sì ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ariwo ẹlòmíràn má baà bò ó mọ́lẹ̀. Bí èrò bá wá pọ̀ jù, ohun tí èèyàn máa gbọ́ ni orin tó ń já, tó ń padà, tó tún ń já. Kì í ṣe pé kí earpiece kọ̀ jálẹ̀ láti mú, ní wákàtí kan náà, lójoojúmọ́. Mo mọ èyí. Oorun ló sọ òmíràn.

Ó padà wá lọ́jọ́rú, ó gbé laptop ọ́fíìsì dání, nítorí pé laptop náà ti ń kọ earpiece ọ̀hún. Orúkọ earpiece wà nínú àkọsílẹ̀ Bluetooth rẹ̀, àmọ́ tí a bá tẹ ibi tí wọ́n ti ń ní kó mú un, á rò ó díẹ̀, á sì dákẹ́. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Kí n tó gbójú sókè, ọmọ iṣẹ́ mi ti fi ìka tẹ bọ́tìnnì àpótí náà mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ fi ṣẹ́jú lọ́nà mìíràn: ó ti rísẹ́ẹ̀tì í. Kò béèrè lọ́wọ́ mi, kò béèrè lọ́wọ́ ìyá. Kí a tó mọ̀, fóònù tó mú un dáadáa lójú wa lọ́jọ́ Ajé náà kọ̀ ọ́.

Ojú ọmọ náà ràn. "Ọ̀gá, mo ti bà á jẹ́."

Kò bà á jẹ́. Nígbà tí earpiece àti fóònù bá kọ́kọ́ pàdé, wọ́n máa ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan láàárín ara wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì tọ́jú tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í tún béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wo kọ́kọ́rọ́, wọ́n á dá ara wọn mọ̀, ó parí. Rísẹ́ẹ̀tì yẹn nu gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú earpiece, kò sì fọwọ́ kan ti fóònù tàbí ti laptop. Fóònù ń na kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sí i, earpiece ń wò ó bí àlejò. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé nǹkan ti kú, á sì ta òmíràn fún oníbàárà. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pod tó wà nínú dọ́sìbìn àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ṣe débẹ̀.

A ní kí fóònù gbàgbé earpiece náà. Lórí Android, èèyàn á wọ inú Settings, á tẹ àwòrán jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, á sì tẹ "Forget" tàbí "Unpair". A yọ ọ́ lórí laptop náà. A wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ṣí àpótí, a jẹ́ kí iná máa ṣẹ́jú, a wá a rí lórí fóònù, lẹ́yìn náà lórí laptop.

Wíwá a rí yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa kún fún ẹ̀rọ, ti ẹ̀gbẹ́ wa kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí laptop bá tan Bluetooth, orúkọ tó máa tò síwájú yín lè tó ogún, ìdajì wọn ló sì ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí ibì kan náà ni wọ́n ti ra ẹ̀yà inú wọn. Ọmọ iṣẹ́ mi tẹ èyí tó rò pé ó jẹ́ tiwa. Ó mú. Ó fi fújì sí i. Ṣe ni spíkà Màlámù tó ń ta ẹ̀rọ níwájú wa lọ́gun lójijì, tí Màlámù sì yọ orí jáde pé "Kai! Wane ne?" A bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí a bá fẹ́ so nǹkan pọ̀, a máa ń gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ariwo ibẹ̀ pọ̀, àmọ́ orúkọ tó ń tò síwájú ẹni kò pọ̀.

Tí mo bá dákẹ́ lórí laptop náà, mo ti fi ohun kan pamọ́. Nígbà tó mú tán, orin dùn lórí rẹ̀. Ìyá wá ní kí òun dán ìpàdé Zoom wò. Bí ó ṣe tan máìkì báyìí, ohùn yí padà, ó wá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá. "Ẹ gbọ́ ọ. Bó ṣe máa ń rí ní ọ́fíìsì nìyẹn. Àwọn ọ̀gá mi rò pé inú kòtò ni mo wà."

Kì í ṣe àrùn. Ọ̀nà méjì ni earpiece Bluetooth ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní A2DP ni ti orin: ohùn ń bọ̀ láti inú ẹ̀rọ wá sí etí nìkan, kò sí èyí tó ń padà lọ. HFP ni ti ìpè: ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀. Ọ̀nà yìí tóóró, nítorí náà ohùn etí méjì á di ọ̀kan, adùn á sì dín kù. Orin orí CD ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ìpè sábà máa ń jẹ́ 16,000, ìgbà mìíràn 8,000 péré. Nígbà tí Zoom bá ní kí earpiece yẹn gbọ́ kó sì tún sọ, laptop á yí láti ọ̀nà orin bọ́ sí ọ̀nà ìpè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí etí wà lọ́dọ̀ earpiece, kí ẹnu wà lọ́dọ̀ laptop. A wọ inú ètò ohùn Zoom, a fi earpiece sí ibi spíkà, a fi máìkì laptop fúnra rẹ̀ sí ibi máìkì. Ohùn jáde kúrò nínú àgbá. Ó ní àwọn ọ̀gá òun á ṣe ìdúpẹ́.

Gbogbo nǹkan dára. Lówùúrọ̀ ọjọ́bọ̀ ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ó mú, ó gbàdúrà tán láìsí wàhálà, ó sì dárúkọ mi nínú àdúrà náà. Lówùúrọ̀ Ẹtì, ó tún kọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti dúró, mo rò ó. Ohun tí a ti ṣe ní ṣọ́ọ̀bù pé, kò sí ibi tó kù. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló ti ń kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nǹkan náà ti wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀sùn, ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ́ ọmọ dáadáa lójú wa. Mo sọ fún ìyá pé mo ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mi ò fẹ́ràn kí n máa lọ sílé èèyàn, owó ọkọ̀ Kubwa kì í ṣe kékeré, oníbàárà kì í sì í fẹ́ san án. Mo lọ.

Ní pálọ̀ rẹ̀, mi ò fọwọ́ kan fóònù. Mo gbé àpótí náà sórí tábìlì, mo ṣí omorí, mo tẹ ojú mọ́ iná kékeré tó wà lára earpiece. Irú tirẹ̀ yìí, bó bá ń wá ẹni tó máa mú, á máa ṣẹ́jú búlúù àti pupa. Bó bá ti rí ẹni mú, iná á kú. Gbogbo pod kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ gbogbo wọn ló ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá mẹ́rin. Ó kú.

Mo wo fóònù ìyá. Kò mú nǹkan kan. Mo tẹ orúkọ earpiece lórí rẹ̀, ó kọ̀.

Earpiece ti rí ẹnìkan mú. Ta ni? Mo pa Bluetooth fóònù ìyá, mo pa ti laptop, mo pa tèmi náà. Mo dá earpiece padà sínú àpótí, mo tún ṣí i. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó kú. Mo gbé e lọ́wọ́, mo jáde sí iwájú ilé, mo kọjá níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, mo dé ẹnu géètì. Mo ṣí i níbẹ̀. Ó ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú lọ. Kò kú. Ẹni tí earpiece ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú ilé, ògiri àti ìrìn sì ti gé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mà, àwọn wo ni wọ́n tún ń lo earpiece yìí?"

"Èmi nìkan ni." Ó dúró díẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀. "Àfi... ẹ má bínú, ọmọ mi máa ń fi í gbọ́ ẹ̀kọ́ lálẹ́."

Ọmọ ọdún méjìlá náà jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé iPad jáde láti inú àpò ilé ìwé rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, ẹni tó bá rí i á ní ó ń sùn. Àmọ́ bí a ṣe tàn án báyìí, orúkọ earpiece wà lórí rẹ̀, ó ti mú un. Ọmọ náà wá sọ èyí tó kù fún wa, láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ nínú: "Bọ̀dá, lálẹ́ Ọjọ́rú ó kọ̀ fún mi. Mo lo ọ̀nà tí mo rí nínú fídíò lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò lórí iPad, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ díẹ̀, mo tún un so pọ̀." Ohun tí rísẹ́ẹ̀tì wa tú ní Wuse, ọmọ náà ti so ó padà ní Kubwa.

Ọ̀pọ̀ earpiece, bí wọ́n bá jí, ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Ọmọ ló ń lò ó lálẹ́, nítorí náà iPad ni ẹni ìkẹyìn. Bí ìyá bá ṣí i láàárọ̀, iPad tó wà nínú àpò ti gbà á kó tó gbé fóònù. Oríṣi kan wà tó lè di ẹ̀rọ méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, tirẹ̀ kì í ṣe irú ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, earpiece ń wá iPad, kò rí i, ó gba fóònù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Orúkọ ọba Denmark ayé àtijọ́ kan, Harald Bluetooth, ni wọ́n fi sọ nǹkan yìí, nítorí pé ó kó àwọn èèyàn tí kò jọ wà pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan. Nílé yìí, ìyá àti ọmọ ló ń pín níyà.

Mo ní kí ọmọ náà máa pa Bluetooth iPad lálẹ́ tó bá ti lo earpiece tán. Ìyá gbà. Mo gba owó ọkọ̀, mo padà sí ilé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó tún kọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó tún kọ̀. Nísinsìnyí, ìyá ti mọ ẹni tó ń ṣe é, tàbí pé ó rò bẹ́ẹ̀. Ó pè mí: ọmọ náà ń purọ́ fún òun, ó ní òun ti pa á, kò pa á. Mo gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀ nínú fóònù, ó ń sunkún, ó ń sọ pé "Mo pa á, Màmá, mo pa á lójú yín!" N kò ní purọ́ fún yín, èmi náà gbà pé kò pa á. Ọmọdé ni, mo ní lọ́kàn mi. Ìyá gba iPad náà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kó wá pa á lójú òun. Ó pa á. Ó kọ̀ lówùúrọ̀.

Ohun tó là mí lójú kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ìyá rin ìrìn àjò lọ sí Ìlọrin fún ìsìnkú lọ́jọ́bọ̀, ó jí ní aago mẹ́rin kí ọkọ̀ má baà já a sílẹ̀. Ó fi earpiece sétí nínú òkùnkùn, ó sì mú fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń sọ iṣẹ́ ìyanu. Aago mẹ́rin, ó mú. Aago márùn-ún ààbọ̀, kì í mú. Inú yàrá kan náà, iPad kan náà, ọmọ kan náà tó ń sùn.

Mo padà sí Kubwa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kejì. Mi ò bá ìyá sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo jókòó ti ọmọ náà, mo ní, "Fi hàn mí bí o ṣe ń pa á." Ó fi ìka fa ojú iPad láti igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún wálẹ̀, ó tẹ àwòrán Bluetooth tó ń tàn búlúù, ó di eléérú. Ó wò mí bí ẹni tó ń retí ẹ̀sùn. Ọ̀rọ̀ kan ti yọ lókè ojú iPad, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ kí n tó kà á tán. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

"Disconnecting Bluetooth Devices Until Tomorrow."

Títí di ọ̀la. Láti ìgbà iOS 11, ètò tó ń darí iPad, ní ọdún 2017, bọ́tìnnì Bluetooth tó wà níbẹ̀ kì í pa Bluetooth. Ṣe ló ń já àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí aago 5 àárọ̀ bá sì lù ní ibi tí iPad wà, á tún gba wọ́n padà fúnra rẹ̀. Mo wọ inú Settings láti fi hàn ìyá: bọ́tìnnì Bluetooth tòótọ́ wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó ń tàn, bíi pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Lálaalẹ́ ni ọmọ náà ń pa á. Láàárọ̀ ní aago márùn-ún ni iPad ń jí, ìdajì wákàtí kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìlọrin, aago márùn-ún kò tíì lù.

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó wá fà á mọ́ra, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú." Ọmọ náà ní kò sí nǹkan, àmọ́ ó gbà kí ìyá rẹ̀ bẹ òun dáadáa.

Ojútùú ìkẹyìn kò gba ìṣẹ́jú méjì. A wọ inú Settings iPad, a lọ sí Bluetooth, a tẹ "i" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ earpiece, a tẹ "Forget This Device". A tún rísẹ́ẹ̀tì earpiece náà kí ó lè gbàgbé iPad. Lọ́tẹ̀ yìí, a ti kọ́kọ́ yọ orúkọ rẹ̀ lórí fóònù àti laptop. Fún ọmọ náà, a kò wá pod mìíràn. iPad ẹ̀yà kẹsàn-án ni tirẹ̀, ti ọdún 2021, ó ṣì ní ihò earpiece olókùn tí ẹ̀yà kẹwàá kò ní mọ́. Mo ra olókùn fún un lówó mi. Mo jẹ ọmọ náà ní gbèsè.

Nǹkan yí padà ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn èyí. Ọmọ iṣẹ́ mi kì í tẹ bọ́tìnnì kankan mọ́ kí ó tó kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí earpiece náà ti bá pàdé rí, pàápàá èyí tí kò sí níwájú wa: ti ọmọ, ti ọkọ, tẹlifíṣọ̀n, rédíò ọkọ̀. Oníbàárà máa ń gbàgbé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń béèrè. A máa ń béèrè wákàtí tó ń ṣẹlẹ̀, a sì máa ń kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe bí a ṣe gbọ́ ọ. Bí earpiece bá ṣiṣẹ́ lójú wa tí ó sì kọ̀ nílé, a ò ní kó máa lọ mọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Nínú ilé yẹn ni a ti máa wá a, bóyá a lọ fúnra wa tàbí kí oníbàárà fi fídíò iná rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Fídíò iná yẹn ti gbà wá lọ́wọ́ ìrìn àjò mẹ́ta báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún wa pé òun ti pa Bluetooth, a máa ń ní kó fi bó ṣe pa á hàn wá, a kì í pè é ní onírọ́ kọ́kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago márùn-ún ààbọ̀ gan-an, fóònù mi dún. Ìyá ni. Mo ti ń wá ṣòkòtò nínú òkùnkùn kí n tó gbé e, mo ti ń ṣírò owó ọkọ̀ Kubwa. Mo gbọ́ ohùn obìnrin bíi mẹ́wàá tí wọ́n ń kọrin, mo sì gbọ́ tirẹ̀ láàárín wọn, ó mọ́ kedere: "Ẹ̀ńjíníà, mo ti fi nọ́ńbà rẹ sínú ẹgbẹ́ àdúrà o. Ojoojúmọ́ ni."